Ọwọ́ Wo Ni Ó Fi Gbé Ife Náà?

Ọkùnrin burúkú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, èmi àti òun ti jọ jẹun rí. Inú sinimá ni ó ń gbé, òyìnbó sì ni, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Òṣogbo, ó yọ ẹsẹ̀ kan jáde lára aṣọ funfun tí wọ́n ta, ó yọ ìkejì, ó gbọn eruku kóòtù rẹ̀, ó sì bi mí léèrè ibi tí wọ́n ti ń ta iyán. Mo mú un lọ. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ata rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ó nu ẹnu, ó padà wọ inú aṣọ kí àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìtàn náà tó mọ̀ pé ó jáde. Ẹ má bi mí pé ta ni ẹlẹ́rìí mi. Gbogbo àwọn tó rí wa ti kú, àwọn tí kò sì tíì kú, wọn kò rí wa.

Iṣẹ́ férémù ni mò ń ṣe nígbà náà, ní ọ̀nà tó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo ń gé gíláàsì, mo ń kan igi yí àwòrán ká, ẹni tó bá ya fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti ìyá rẹ̀ tó kú, ọ̀dọ̀ mi ni ó ń gbé e wá. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo ka ìkẹta lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ lè kà á sí márùn-ún.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò ní apá òsì títì kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá wà láyé nígbà náà yóò rántí bí ó ti rí. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń bẹ̀rù, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń wẹ̀yìn wò, awakọ̀ tó ti ń wa mọ́tò láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ dúdú á dúró láàárín oríta, á máa bi àwọn èrò inú ọkọ̀ léèrè pé ọ̀tún dà. Kò sí ibi tí ènìyàn dé tí kò ní gbọ́ òsì àti ọ̀tún.

Ọkùnrin ará Iléṣà kan ló ń gbé sinimá kiri agbègbè wa. Ó ní mọ́tò àtijọ́ kan, ó ní ẹ̀rọ iná, ó ní ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán. Bí ó bá ṣe é ní Òṣú lónìí, ó lè ṣe é ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ́la, kí ó tó wá bá wa ní Òṣogbo. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ni ó máa ń lò. Á ta aṣọ funfun mọ́ òpó gólù méjèèjì, á to bẹ́ńṣì síwájú aṣọ, á fi imọ̀ ọ̀pẹ sé e yíká. Ibẹ̀ ni àwọn tó sanwó ń jókòó. Ẹ̀yìn aṣọ, àpáta ni, ó dà gẹ̀rẹ́ bí ẹ̀yìn ìjàpá, kò sì sí ẹni tó lè fi imọ̀ ọ̀pẹ sé àpáta. Aṣọ náà fẹ́lẹ́, àwòrán ń là á kọjá sí ẹ̀yìn. Nítorí náà ẹni tí kò bá fẹ́ sanwó, tàbí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun lẹ́nu ọ̀nà sinimá, orí àpáta ni ó ń gbà lọ.

Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí ẹnì kan ṣoṣo ní Òṣogbo tó jókòó sórí àpáta. Bẹ́ńṣì ni gbogbo ayé jókòó sí. Bí a bá ní ká to bẹ́ńṣì fún gbogbo ẹni tó ní òun jókòó sí bẹ́ńṣì, ìkẹyìn rẹ̀ á wà ní Ẹdẹ. Èmi ní tèmi, bẹ́ńṣì iwájú pátápátá ni mo wà lọ́jọ́ náà, orókún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ.

Sinimá àtijọ́ ni, dúdú àti funfun. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí ibi tí orúkọ wà ti já dànù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ tíṣà, ará Iléṣà bíi tèmi, ní òkìkí rẹ̀ kàn gan-an nílùú òyìnbó, pé àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Bó ṣe lọ nìyí. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ìlú kékeré kan. Ó mọ́ tónítóní. Ó gba yàrá nílé ìyá arúgbó kan, ó ń bá a pọn omi, ó ń tún àga tó yẹ̀ ṣe, ó ń ṣí fìlà fún àgbà. Bí ara ẹnikẹ́ni kò bá yá ní ìlú náà, òun ni yóò kọ́kọ́ dé. Á jókòó ti aláìsàn, á gbé orí rẹ̀ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á fi ife omi kàn án lẹ́nu. Aláìsàn bá ti mu omi náà, ó parí nìyẹn. Ìlú á sunkún, òun á sunkún jù wọ́n lọ. Kò mú owó wọn. Kò gba ilẹ̀ wọn. Ohun tó dẹ́rù bà wá gan-an nìyẹn. A mọ olè, a mọ ẹni tó ń pa ènìyàn nítorí ogún, ṣùgbọ́n ẹni tó pa ènìyàn tí kò sì mú nǹkan kan lọ, kí ni ó ń wá?

Ìyá arúgbó náà ni ó kú kẹ́yìn, kò sì sí ọlọ́pàá tó mú un. Ó di àpò rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó bu omi sínú ife. Ó wá yí ojú sí wa, àwa tí à ń wò ó, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀, ó sì na ife náà sí wa. Ibẹ̀ ni aṣọ ti ṣókùnkùn. Ó tán.

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tó máa ń ta omi tútù lẹ́nu ọ̀nà gbé ìkòkò rẹ̀ padà sílé bó ṣe gbé e wá, ẹnikẹ́ni kò rà á.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, a péjọ sí ṣọ́ọ̀bù mi bí a ti máa ń ṣe. Tíṣà jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó dára. Bíríkìlà kan tó jẹ́ ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé jókòó sórí àpótí. Káfíńtà tó ń bá mi gé igi férémù dúró ti ògiri. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni Káfíńtà, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọlọ́wọ́ òsì sì ni. Òsì ni ó fi ń fa ayùn, òsì ni ó fi ń kan ìṣó, ṣùgbọ́n ọ̀tún ni ó fi ń jẹun, tó fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, nítorí ìyá rẹ̀ ti fi pàṣán kọ́ ọ láti kékeré. Ẹnìkarùn-ún wa ni ọmọbìnrin tó ń fẹ́, ọmọ Bàbá Onífìlà, tó máa ń dúró lọ́dọ̀ wa bí ó bá ń gbé fìlà bàbá rẹ̀ kiri. Ó ń bá bàbá rẹ̀ rán fìlà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ wọn lọ.

"Wọ́n gé e ni," Bíríkìlà ló bẹ̀rẹ̀. "Apá kan kù. Ákítọ̀ gidi ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Á gun ẹṣin dé, á yìnbọn fún un nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn."

"Ákítọ̀ wo?" ni Tíṣà dáhùn. "Ọkùnrin yẹn gan-an ni ákítọ̀."

Fún àwa ará sinimá ìgbà náà, ákítọ̀ ni ẹni rere tí ìtàn ń tẹ̀ lé, kì í kú. Bọ́ọ̀sì ni ọ̀gá àwọn ẹni ibi, òun sì gbọ́dọ̀ kú ká tó dìde nílẹ̀. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, àfi bí ẹni tó bọ bàtà sórí.

"Ákítọ̀ ń pa ìyá arúgbó," Bíríkìlà wí. "Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀ ń rí nǹkan. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ kò rídìí ìṣáná, tí ẹ ń múná láti ilé lọ sí oko."

"Ta ni ìtàn náà tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?"

"Ìtàn lè ṣìnà."

"Bùọ̀dá Bíríkìlà, ìtàn kì í ṣe ewúrẹ́," ni ọmọbìnrin náà wí. Ó gbé agbọ̀n fìlà rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan. Ìgbà wo ni olúkúlùkù yín mọ̀ pé èèyàn burúkú ni?"

Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ wa. Tíṣà ní níbi òkú ìkẹta ni òun ti mọ̀, nígbà tó ń sunkún tó sì tún ń tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe. Ọmọbìnrin náà ní òun mọ̀ nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń bu omi fún gbogbo ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ kò mu omi rí. A yíjú sí Káfíńtà.

"Èmi ò mọ̀ títí ó fi tán," ó wí. "Mo rò pé ara wọn ni kò yá."

A rẹ́rìn-ín títí. Ó dúró kí a rẹ́rìn-ín tán. "Ẹ wo bí ó ṣe tún àga ìyá yẹn ṣe. Kò kàn án pa, ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fá ojú ihò rẹ̀, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ẹni tó lè fi sùúrù ṣe iṣẹ́ báyẹn, mi ò lè ro ibi sí i."

"Èmi mọ̀ kó tó wọlé," Bíríkìlà wí. "Òsì ni ó fi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá arúgbó. Òsì ni ó fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Òsì ni ó fi gbé ife fún gbogbo wọn. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá?"

"Òsì kẹ̀?" Tíṣà wí. "Ọ̀tún ni."

"Òsì."

"Ọ̀tún ni, Bùọ̀dá," ni ọmọbìnrin náà wí. "Mo wò ó dáadáa. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó dà bí ọmọlúàbí."

Tíṣà na ọwọ́ kan sókè. "Bíríkìlà, wò mí. Ọwọ́ wo nìyí?"

"Ọ̀tún. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ ọwọ́ ni? Èmi tí mò ń tẹ búlọ́ọ̀kù láti ọjọ́ tí ẹ ti wà nílé-ìwé."

Ó mọ ọwọ́ lóòótọ́. Tíṣà náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n jiyàn títí iṣan ọrùn wọn fi yọ. Èmi ò dá sí i, ẹni tó bá sì mọ̀ mí á mọ̀ pé kò wọ́pọ̀. Mo kàn rí Káfíńtà bí ó ṣe wo ọwọ́ òsì rẹ̀ fìrí, tó kì í bọ àpò.

Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó wọ ìlú. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, nídìí ẹ̀rọ omi, ọ̀tún àti òsì ni wọ́n ń jà lé lórí. Àwọn tó ní òsì ni ọ̀rọ̀ wọn ń wọ ènìyàn létí jù. Ṣé ẹ rí i, sinimá kò sọ ìdí tí ọkùnrin náà fi ń pa ènìyàn. Ó fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè lọ́rùn. Ọwọ́ òsì wá dáhùn ìbéèrè náà, ó sì jẹ́ kí ènìyàn lè sùn. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ó tán. Láìpẹ́, àwọn ọlọ́wọ́ òsì ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyọnu. Obìnrin kan tó ń fi òsì yí àkàrà nínú epo sọ fún mi pé àwọn oníbàárà òun ń ní kí òun fi ọwọ́ kejì yí i.

Bàbá Onífìlà ni gbogbo rẹ̀ wá dé sí lọ́wọ́. Àgbà Mùsùlùmí ni, aránfìlà tí kò ní ẹlẹgbẹ́ ní àdúgbò rẹ̀, ènìyàn kì í rí i láìdé fìlà. Lẹ́yìn ìrun, ó máa ń ṣe wáàsí díẹ̀ lábẹ́ igi, sinimá sì ni ó máa ń bá wí jù. Ó ní òjìji ni, haráàmù ni, ẹni tó ń lọ wo òjìji ń gbé ojú tí Ọlọ́run fún un ṣòfò. Ó ti gba Káfíńtà láti fẹ́ ọmọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni Káfíńtà, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn níbẹ̀, wọ́n sì ti fẹnu kò pé lẹ́yìn Iléyá ni wọn yóò so yìgì. Àfi bí Bàbá ṣe ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà pé kí àwọn ẹbí ọkọ sinmi ná.

Káfíńtà wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó fi àkísà di àtàǹpàkò.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Mò ń kọ́ ọ̀tún níṣẹ́. Òsì ni mo fi di ìṣó mú, ọ̀tún ni mo fi mú òòlù. Mo lu òsì."

"Ọ̀tún ti dàgbà jù fún iṣẹ́ kíkọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá pe òun lọ, ó sì sọ ọ́ lójú òun láìfi bò: òun kò ní fi ọmọ fún ẹni tí yóò máa fi òsì gbé omi fún òun ní ọjọ́ ogbó. "Ó ní, 'Ẹ kò rí ọkùnrin inú sinimá yẹn ni?' Mo ní, 'Bàbá, ṣé ẹ wò ó ni?' Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó ní wọ́n sọ fún òun ni." Ó jókòó sórí àpótí. "Ìyá mi ti kó ẹrù ìdána jọ tán. Bí ó bá di kíkó padà, Bùọ̀dá, mi ò ní lè gbé Òṣogbo mọ́. Mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíì."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin náà wọlé, kò gbé agbọ̀n fìlà dání lọ́jọ́ náà.

"Mo bá a jà ní gbogbo òwúrọ̀," ó wí. "Mo ní, 'Bàbá, èmi wà níbẹ̀, ọ̀tún ni.' Ó ní ojú ọmọdé ni mo fi wò ó. Ó wá ní ṣé mi ò rí òsì tó fi fa aṣọ bo ojú ìyá arúgbó, èyí tó ní òrùka, tó sì kọ́kọ́ yí òrùka náà kó tó fa aṣọ. Bùọ̀dá Oníférémù, èmi tí mo wà níbẹ̀, mi ò rí òrùka. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún ló wá mọ òrùka."

Gíláàsì kan wà lórí tábìlì mi lásìkò náà. Onígbàjámọ̀ kan ló ní kí n kọ ẸKÁÀBỌ̀ sí i. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn gíláàsì ni a ti ń kọ ọ́, kí omi àti ọwọ́ ènìyàn má baà pa ọ̀dà rẹ́, a ó sì kọ ọ́ sódì kí ó lè jẹ́ pé iwájú ni yóò ti dára. Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ láti wò ó. Mo wà lẹ́yìn, àwọn méjèèjì wà níwájú. Àwọn ń ka ẸKÁÀBỌ̀. Èmi ń rí nǹkan tí aràn kọ. Lójú ẹsẹ̀ ni nǹkan là sí mi lọ́kàn.

"Ẹ dúró," mo wí. "Ibi tí lẹ́tà àkọ́kọ́ wà, níhà wo ni?"

"Òsì," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Lọ́dọ̀ tèmi, ọ̀tún ni. Gíláàsì kan náà. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn aṣọ sinimá ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn: ọkùnrin náà fi ọ̀tún gbé ife, gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì sì rí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lórí àpáta, ẹ̀yìn àwòrán ni ó ń wò, òsì ni yóò rí, yóò sì búra. Kò sí ẹni tó ń parọ́ nínú wọn, àfi lórí ibi tí wọ́n jókòó sí.

"Bíríkìlà," Káfíńtà wí. "Ó ní òun sanwó."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi férémù mú. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá mi," ó wí.

"Ká lọ sọ fún wọn," Káfíńtà ti dìde. "Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn."

"Kí lo fẹ́ sọ?" ni ọmọbìnrin náà wí. "Pé wọ́n wà lórí àpáta láàárín àwọn tí kò sanwó, àwọn tó ń ṣe wáàsí fún gbogbo àdúgbò? Wọ́n á sẹ́. Bí wọ́n bá ti sẹ́, wọn ò ní lè yí ọ̀rọ̀ wọn padà mọ́ títí láé, èmi àti ìwọ á sì máa kí ara wa lọ́nà." Ó yíjú sí mi. "Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́."

"Kí n lọ sọ ọ́, kí n má sì sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo bá Bàbá lórí ẹní rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, fìlà aláràbarà yí i ká. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Oníférémù," ó wí, kò gbójú sókè. "Bó bá jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ lo bá wá, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Rárá o, Bàbá. Fìlà ni mo wá rà."

Ó ju ọ̀kan sí mi. Fìlà tó dára ni, ó fi òwú pupa ṣe ọnà sí i lára, gbogbo ìlà ọnà náà tẹ̀ sí ọ̀tún bí ewéko tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo yìn ín. Mo wá yí fìlà náà sódì, mo gbé inú rẹ̀ síta, mo ń wò ó.

"Bàbá, ìlà yìí ti wá tẹ̀ sí òsì."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ lò ń wò."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Bí ẹnìkan bá wá rí i láti ẹ̀yìn báyìí, tó lọ sọ nígboro pé ìlà fìlà Bàbá Onífìlà ń tẹ̀ sí òsì, ṣé irọ́ ló pa?"

"Kò parọ́. Ohun tó rí ló sọ."

"Fìlà náà ńkọ́?"

"Kí ló fẹ́ ṣe fìlà? Bí mo ṣe rán an ló..." Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sínú aṣọ. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Èmi ń wo àjà ilé. Aláǹgbá kan wà níbẹ̀, mo wo aláǹgbá náà dáadáa, bí ẹni pé òun ni mo wá bẹ̀ wò.

"Ẹni tó sọ fún mi," Bàbá wí, "ibi tó jókòó sí ni kò dára."

"Ó lè jẹ́ pé èrò pọ̀, Bàbá, tí kò fi rí àyè níwájú."

"Èrò pọ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi." Ó fa òwú, ó rán ojú abẹ́rẹ́ díẹ̀. Mo rò pé ó ti tán, mo fẹ́ dìde. "Oníférémù."

"Bàbá."

"Ọkùnrin yẹn. Kí ni ẹ̀yin rò pé ó ń wá? Kò mú owó. Kò gba ilẹ̀."

"Ohun tí à ń bi ara wa nìyẹn, Bàbá. Tíṣà ní wèrè ni."

"Tíṣà ò mọ nǹkan kan." Ó gbé fìlà tó ń rán sílẹ̀ pátápátá. "Ẹkún ló ń wá. Àlejò ni, kò ní ẹbí. Ibi tí wọ́n bá ti ń sin òkú nìkan ni àlejò ti lè jókòó sáàárín àwọn ènìyàn, kí wọ́n máa gbá a mọ́ra, kí wọ́n máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ọmọ wọn. Bí òkú bá ti tutù, ìlú á tún padà máa wò ó bí àlejò. Ló bá tún bu omi." Ó nawọ́ sí fìlà náà. "Ohun tí ẹni tó sọ fún mi rò nìyẹn. Ó ní òun ò rí oorun sùn lórí ọ̀rọ̀ náà."

Gbogbo àríyànjiyàn tí a ti ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí ẹni tó sọ ohun tó tó èyí. Mo fẹ́ kí ó máa sọ ọ́ lọ. Mo fẹ́ bi í léèrè òrùka náà, ṣùgbọ́n ó ti tún gbé iṣẹ́ rẹ̀.

"Sọ fún ọmọ yẹn kó wá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun," ó wí. "Òun náà, àlejò ni ní ìlú yìí."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, èmi ni mo tẹ̀ lé Káfíńtà lọ. Bàbá jókòó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì jókòó tì í. Wọ́n gba ìkíni wa. Bàbá ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ọmọbìnrin náà lọ bu omi nínú àmù, ó ń gbé e bọ̀.

"Fún un," Bàbá wí, "kó gbé e fún mi."

Gbogbo wa tí a wà níbẹ̀, yálà a wo sinimá náà tàbí wọ́n sọ ọ́ fún wa, la mọ ohun tó ń lọ. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọ̀tún gba ife náà. Ọwọ́ náà kò mọ iṣẹ́, ẹ̀rù sì ti bà á. Ó ń gbọ̀n. Omi dà sí ẹní, ó dà sí etí agbádá ẹ̀gbọ́n Bàbá kan. Òógùn bo ojú ọmọ náà.

"Èyí tó mọ iṣẹ́ ńkọ́?" Bàbá bi í.

"Ó wà níhìn-ín, Bàbá."

"Mú un wá, kó ran ìkejì lọ́wọ́."

Ó mú òsì wá sábẹ́ ife náà, àtàǹpàkò tó fi àkísà dì sì yọ síta. Ife náà dúró jẹ́ẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àna rẹ̀. Bàbá gbà á. Ó wo inú omi náà, ó wo ojú Káfíńtà, ó ní "Bìsìmílà," ó sì mu ún, kò dánu dúró títí tó fi tán. Ó dojú ife dé.

Àwa ń wò ó.

"Kí lẹ̀ ń wò?" Bàbá wí. "Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ kú ni?"

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n so yìgì wọn. Àga tí Káfíńtà kàn fún Bàbá ní ọdún náà, ó jókòó sí i títí ó fi ṣaláìsí.

Ó kù díẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé èwo ni irọ́ nínú ìtàn yìí. Irọ́ inú rẹ̀ ni pé gíláàsì ló là mí lójú. Mo gbé gíláàsì sókè fún àwọn méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n kí wọ́n tó wọlé. Mi ò jókòó sí bẹ́ńṣì kankan. Orí àpáta ni mo wà, mo sì rí i pé àwọn lẹ́tà tó wà lára ọkọ̀ ojú irin kọjú sí ibi tí kò yẹ. Ìwé mẹ́rin tó láti rí ìyẹn. Bàbá Onífìlà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi aṣọ ìbora bo orí tí kò dé fìlà, nígbà tí ọkùnrin náà sì na ife sí wa, ó di apá mi mú. Ó rí mi, mo rí i, a kò kí ara wa. Mo fi gíláàsì àti bẹ́ńṣì kún un kí n má baà sọ bẹ́ẹ̀. Ìyókù, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́.